Kànáfùrù Lójú Egbò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, àmọ́ ẹ má fara kan ẹsẹ̀ mi. Rámátù ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í tán ni, ó sì dì í bí ẹni ń di ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kànáfùrù ló fi sí i, pẹ̀lú ááyù, atalẹ̀ àti efinrin, gbogbo rẹ̀ ló gún pọ̀ nínú odó kékeré tí ìyá rẹ̀ fi ń gún ata. Ó ní inú tẹlifóònù lòun ti rí i pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ń pa kòkòrò tí ojú ò lè rí. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ló ti ń ṣe é, mo sì jẹ́ kó máa ṣe é lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí egbò náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàtà ló bó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ohun tí ì bá gbẹ lára ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó kọ̀ kò gbẹ lára èmi tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá fínra. Múnírù bàbá yín fẹ́ gbé mi lọ sílé ìwòsàn, èmi ni mò ń kọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ irú mi ṣe níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ ní Jọ́nkẹ̀, ní Kùtọnù, fi ẹsẹ̀ méjì wọlé, ẹsẹ̀ kan ló fi jáde. Láàárọ̀ yìí, Múnírù dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, ó ní bóun bá kírun àlàásárì tán, òun á wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu mi fún ìgbà ìkẹyìn. Ó ní bí mo bá tún kọ̀, òun á fi mí lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń bá bàbá sọ! Àmọ́ mi ò bínú sí i. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ń ba èmi náà, kálukú wa wá ń fi ẹ̀rù tirẹ̀ jágbe mọ́ ẹnì kejì.

Òórùn kànáfùrù yìí ló là mí lẹ́nu. Ó pẹ́ tí irú òórùn bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé mi kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Gòdómè yìí, láàárín ariwo ọkọ̀ àti ọ̀kadà tí ẹ ń pè ní zẹ́mì, ẹ rò pé inú fìríìjì ni ẹran ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tí wọ́n ti bí mi fún yín kí Múnírù tó dé.

Alápatà ni bàbá mi. Ṣakété la ti wá, Nàgó pọ́nńbélé, mùsùlùmí látọ̀dọ̀ bàbá àgbà mi. Nígbà tó kó wa wá sí Kùtọnù, ẹ̀yìn Jọ́nkẹ̀ la ń gbé, nínú àgbàlá ńlá kan tí àwa Nàgó àti àwọn Fọ̀n jọ ń pín. Nígbà yẹn, ohùn méjì ló ń jí wa. Ọ̀kan ni ti ọbẹ bàbá mi lórí òkúta, tó ń pọ́n ọn kó tó lọ síbi tí wọ́n ti ń pa màlúù: ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, ṣìn-ìn. Èkejì ni ti ọlọ ìyá mi. Bí ọbẹ bá dákẹ́, ọlọ á gbà á. Kí ọlọ tó dákẹ́, àsùbáà ti mọ́. Títí dòní, bí mo bá jí tí mi ò gbọ́ nǹkan kan ju ẹ̀rọ ọ̀kadà lọ, á máa ṣe mí bí ẹni pé ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa.

Kò sí fìríìjì. Àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ìjọba nìkan ló ní i. Ẹran tó bá kù lórí àtẹ bàbá mi lọ́sàn-án, ìyá mi ló ni ín, kò sì gbọdọ̀ ṣòfò. Á gé e wẹ́wẹ́, á fi iyọ̀ pa á lára. Á lọ atalẹ̀, ááyù, ìyèré, ẹ̀ẹ̀rù àti kànáfùrù pọ̀, á fi rà á títí ara ẹran náà á fi dúdú. Bó bá gbé e ka iná, kò ní fi ẹ̀kán omi kan sí i. Omi ara rẹ̀ ló ń fi í sè. Bí ìyẹn bá gbẹ, á da òróró lé e, á dín in títí á fi le. Lẹ́yìn náà á kó o sínú ìkòkò amọ̀ kan tó fẹ̀ nídìí tó kéré lẹ́nu, á fi ewé efinrin bo ojú rẹ̀, á dé e. Ẹran yẹn á wà níbẹ̀ títí tí ẹlòmíràn á fi gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n pa á. Awakọ̀ kan tó máa ń gbé ọjà lọ sí òkè, sí ọ̀nà Pàràkú, máa ń gbà á sínú agolo lọ́wọ́ ìyá mi dání. Ó ní bí òun bá ṣí agolo náà lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn èèyàn tí òun kò mọ̀ rí á máa kí òun bí ẹni pé ìbátan làwọn.

Òfin méjì ló wà lórí ìkòkò yẹn. Àkọ́kọ́: omi ò gbọdọ̀ kàn án. “Omi ló ń ba ẹran jẹ́,” bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi máa ń wí. Ṣíbí tútù kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dán an wò, ẹ̀yìn ìgbákọ ló ń kí i kú iṣẹ́. Òfin kejì: imú ìyá mi ni adájọ́. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, á ṣí ìkòkò, á bẹ̀rẹ̀, á fa òórùn rẹ̀ símú, á di ojú. A ó dúró. Á wá ní, “Kò tíì bàjẹ́.” Ìgbà yẹn la tó máa jẹun.

Ẹ má rò pé mò ń ṣàsọdùn. Ẹ̀gbọ́n mi Sìdí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, jẹ́ ọ̀jẹun. Nígbà kan, ó fi ààbọ̀ ẹ̀kọ tó jẹ kù pa mọ́ sínú ìkòkò ẹran náà nítorí kí n má baà rí i jẹ. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga, ó jìnnà sí ilé ìdáná dáadáa. Ó ṣàdédé gbé orí sókè, ó ní, “Ta ló fi nǹkan sínú ìkòkò mi?” A débẹ̀, a ṣí i. Ìkòkò ń hó, kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Ata àti iyọ̀ la fi jẹ ẹ̀kọ fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Sìdí sì di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo àgbàlá: “Sìdí asèkòkò-láìdáná.” Títí tó fi lọ́kọ, àwọn kan ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ká tó wá sọ ti Iléyá! Ẹ̀yin ń rí Iléyá lónìí, ẹ ń ya fọ́tò pẹ̀lú àgbò. Láyé ìgbà náà, àgbàlá wa ni gbogbo àdúgbò ń wọ́ wá. Bàbá mi á pa ti ẹni tí kò lè pa á, á pín in, á yọ ti sàráà sọ́tọ̀. Àwọn ìyàwó ilé á gbé abọ́ wá sọ́dọ̀ ìyá mi: “Ìyá Sìdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án.” Ohun tí wọ́n ń wí ni pé kó bá wọn fi àwọn èròjà rẹ̀ pa á mọ́. Á máa lọ nǹkan láti àárọ̀ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, omi á máa dà lójú rẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín. Àwọn Fọ̀n tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí wọn kì í ṣe mùsùlùmí, ń fi irú, èyí tí wọ́n ń pè ní afítìn, ránṣẹ́ sí i kí wọ́n lè rí ẹran gbà padà. Kò sí ẹni tó ń fi abọ́ òfìfo padà sílé. Òórùn kànáfùrù á gba gbogbo àdúgbò, á wọ aṣọ wa, á wọ irun wa, á wọ ẹní tí a ń sùn sí. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń mọ̀ wá yàtọ̀: wọ́n á ní àwọn ọmọ ọlóòórùn dídùn ti dé.

Lónìí ńkọ́? Kúùbù mágí kékeré ni ìyá Rámátù ń jù sínú ọbẹ̀, a dúpẹ́, ọbẹ̀ ti dé. Adìyẹ tó ti kú sílẹ̀ òkèèrè ló ń bá ọkọ̀ ojú omi wá bá wa nínú yìnyín. Ní Iléyá tó kọjá, iná mànàmáná lọ, kò padà, ẹ̀yin náà rí àwọ̀ tí ẹran yí sí nínú fìríìjì. A gbé e lọ dànù. Mo jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí. Gbogbo yín ń sọ pé iná ló fà á. Mo ní lọ́kàn mi pé àwa tí kò ní iná rárá, ẹran wa kì í rùn.

Kí lo wí, Rámátù? O ní olùkọ́ yín ní Kàláví sọ ọ́ ní kíláàsì pé kànáfùrù ń pa kòkòrò, pé wọ́n ti dán an wò nínú abọ́ dígí? Mo gbọ́. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kò jẹun nílé wa rí. Bí eyín bá ń dun ọmọ, ìyá mi á fi ẹyọ kànáfùrù há a láàárín eyín. Bí ikọ́ bá mú wa, atalẹ̀ àti oyin. Bí inú bá ń run wa, omi efinrin, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó jẹ́ Fọ̀n ń pè ní tchiayo. Bí abẹ bá gé wa, ááyù gígún. Ó ń ta ni bí iná, a ó pariwo, ọgbẹ́ á sì gbẹ. Agbọ̀n kan náà ló ń wò fún ọbẹ̀ àti fún àìsàn. Bó ṣe gbà wá lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ló gbà wá lọ́jọ́ kejì, a wá ń rò pé kò sọ́jọ́ tí kò ní gbà wá.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù. Mi ò sọ ọ́ fún Múnírù rí. Bó bá bi mí ohun tó pa bàbá àgbà rẹ̀, ibà ni mo máa ń sọ fún un.

Kí Iléyá tó dé ni, ní ìgbà tí iṣẹ́ alápatà máa ń pọ̀ jù. Bàbá mi ń fi àáké la egungun itan màlúù. Àáké náà yọ̀ lórí ọ̀rá, ó sì bà á lójúgun. Ó gé e, kò jinlẹ̀ púpọ̀. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màlúù yìí gbẹ̀san o!” Ó fi àkísà tó wà lórí àtẹ dì í, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn alápatà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó lọ gba abẹ́rẹ́. Ó ní, “Kí n lọ jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ta ló máa dúró ti àtẹ mi? Iléyá ń bọ̀.” Ó wálé. Ìyá mi wo ọgbẹ́ náà, kò tilẹ̀ dààmú.

“Bàbá Sìdí,” ó ní, “ẹran tí mo bá fọwọ́ kàn, ṣé ó ń bàjẹ́?”

Bàbá mi ní, “Rárá o.”

“Ẹ jókòó nígbà yẹn.”

Ohun tó ṣe fún ìkòkò rẹ̀ náà ló ṣe fún ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó lọ kànáfùrù, ó lọ ááyù, ó lọ atalẹ̀ àti ìyèré, ó fi iyọ̀ sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọgbẹ́ náà, ó fi ewé efinrin bò ó, ó dì í. Kò fomi wẹ̀ ẹ́ kó tó fi sí i, nítorí omi ló ń ba ẹran jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gún tuntun, ó fi lé orí àtijọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún gún tuntun, ó tún fi lé e. Láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, á kúnlẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ náà lé itan rẹ̀, á fa òórùn rẹ̀ símú, á di ojú. Àwa ọmọ á dúró yí wọn ká. Á ní, “Kò tíì bàjẹ́.” Bàbá mi á fi ọwọ́ kàn án lórí. Inú wa á dùn, a ó lọ ṣeré.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ? Imú tó gbọ́ òórùn ààbọ̀ ẹ̀kọ láti ìdí kànga, òun ni kò gbọ́ nǹkan kan. Báwo ni yóò ṣe gbọ́? Kànáfùrù ló wà lójú ọgbẹ́ náà, kànáfùrù ló wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, kànáfùrù ló wà lára gbogbo wa. Èmi náà kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn tó ń gbé àgbàlá náà kò gbọ́. Ilé tó ti kún fún òórùn dídùn, ta ló máa wá òórùn búburú níbẹ̀?

Ọjọ́ Iléyá pé. Bàbá mi jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ tó wú náà síwájú, ó ń pa àgbò fún àwọn èèyàn láti orí ìjókòó. Wọ́n ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ó ti di ọba, pé àgbò ló ń wá kí i. Ó ń rẹ́rìn-ín. Oòrùn mú ganrín-ganrín lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ iyanrìn ń jó wa lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ara bàbá mi ń gbọ̀n. Wọ́n yan ẹ̀dọ̀ fún un, nítorí ẹ̀dọ̀ ló fẹ́ràn jù, ó mú ọ̀kan, ó dá a padà sínú abọ́. Ó ní ó ń korò lẹ́nu òun.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ekpè ló ń gbé, létí òkun, ó ń ṣe oko àgbọn níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ló ti jáde wá, kò tíì jókòó pẹ̀lú òórùn ilé wa. Ó kí bàbá mi kú ọdún, ó jókòó tì í. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí imú káàkiri. Ó wo abẹ́ àga, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá wo ẹsẹ̀ náà.

“Kí ló ń rùn lábẹ́ kànáfùrù yìí?”

Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ata. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́jọ́ ọdún. Ẹran kì í rùn nílé yìí.”

“Mi ò sọ ti ẹran. Ẹ tú u, ẹ fomi wẹ̀ ẹ́ kí n wò ó.”

“Omi ò gbọdọ̀ kàn án!” Ó wá dúró síwájú ẹsẹ̀ náà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń lé adìyẹ padà. “Ẹ bi gbogbo èèyàn níbí. Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Kò tíì bàjẹ́.”

Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ní, “Ìyá Sìdí, bu omi wá.”

Mi ò ní sọ gbogbo ohun tó jáde lábẹ́ rẹ̀ fún yín, nítorí àwọn kékeré wà láàárín yín. Ohun tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ ti le bí èèpo igi, bí omi ṣe ń kan án ló ń ṣí kúrò, awọ ara sì ń bá a lọ. Ẹsẹ̀ náà ti dúdú títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Òórùn tó jáde níbẹ̀ bo ti Iléyá mọ́lẹ̀. Sìdí sá jáde sí títì. Àwọn tó gbé abọ́ dání gbé e sílẹ̀. Ìyá mi kò sá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa òórùn náà símú bó ṣe máa ń ṣe, ó di ojú. Ó tún fà á símú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó ẹran ni wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, pẹ̀lú aṣọ ọdún lára rẹ̀. Ọmọ Nàgó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ń túmọ̀ ohun tí dókítà ń sọ fún wa. Ó ní ká ní a gbé e wá lọ́jọ́ tó gé e ni, ọṣẹ, omi àti abẹ́rẹ́ ni ì bá gbà á. Ó ní ohun tó wà lójú egbò nìkan ni èròjà wa lè bá jà, pé èyí tó wà nísàlẹ̀ ti bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Kò ràn án lọ́wọ́ mọ́. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

A sin bàbá mi kí ẹran Iléyá tó tán. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ẹran àgbò tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa wà nínú ìkòkò ìyá mi nílé, tòun ti kànáfùrù rẹ̀, kò bàjẹ́. Òun la fi ṣe sàráà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn àlùfáà jẹ ẹ́, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n ní Ìyá Sìdí, ẹran yìí mà dùn. Ó dùn lóòótọ́. Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó tún lè burú ju kí ẹran yẹn dùn lọ.

Ìyá mi kò lọ kànáfùrù mọ́ títí ó fi kú. Ìkòkò amọ̀ náà, ó gbé e fún ẹnì kan tó fẹ́ fi gbin òdòdó. Bí Iléyá bá dé, tí àwọn ìyàwó ilé bá gbé abọ́ wá pé kó bá àwọn fọwọ́ kàn án, á ní ọwọ́ òun kò mọ́. Nígbà tó yá, wọn kò wá mọ́. Ẹ̀yin ń sọ pé fìríìjì àti kúùbù ló pa àṣà wa. Ní tiwa, kò tíì sí fìríìjì ní gbogbo àdúgbò wa nígbà tí àṣà náà kú. Àgbàlá yẹn, lọ́jọ́ Iléyá yẹn, ló kú sí.

Èyí tó ń dùn mí jù nìyí. Obìnrin tó jẹ́ adájọ́ ìkòkò, tí gbogbo Jọ́nkẹ̀ ń gbára lé imú rẹ̀, kò gba imú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bó bá se ọbẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó ń hó lọ́wọ́ lórí iná, á pè wá. “Ẹ wá bá mi gbọ́ òórùn rẹ̀. Ṣé kò bàjẹ́?” A ó ní kò bàjẹ́, Ìyá. Á ní, “Ṣé ó dá yín lójú?” Ó dàgbà, ó fọ́jú, mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi, ó ṣì ń bi mí bẹ́ẹ̀ lórí àwo oúnjẹ gbogbo. Kò sí ẹni tó dá a lẹ́bi rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ará Ekpè pàápàá kò dá a lẹ́bi. Ìyẹn kò ràn án lọ́wọ́.

Mo ti bínú sí kànáfùrù títí bí ẹni pé èèyàn ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó rí i pé kò ṣẹ̀ wá. Ẹran tó ti kú ló mọ̀ ọ́n ṣọ́. Ẹran tó ti kú kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń rìn. Ohun tó bá bà lé e, ojú rẹ̀ ló ń gbé, kànáfùrù á sì bá a níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá mi kì í ṣe ẹran orí àtẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ lọ sókè, ó ń gba inú rẹ̀ padà wá, ohun tó wọ̀ ọ́ sì bá a lọ sínú ọkàn rẹ̀. Ohun tó wà nínú abọ́ dígí olùkọ́ yín, Rámátù, ṣé ó ní ẹ̀jẹ̀?

Mo ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà yìí, ẹ kò tíì bi mí ohun kan tó yẹ kí ẹ bi mí. Ó dára, èmi á bi yín. Kí lẹ ń gbọ́ òórùn rẹ̀ lára ẹsẹ̀ yìí?

Kànáfùrù. Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà, kànáfùrù ni mò ń gbọ́. Láti Jímọ̀ ni mo ti ń gbọ́ kànáfùrù, tí mo sì ń sọ fún Múnírù pé egbò ń jinná.

Rámátù, dìde. Bu omi sínú ọpọ́n, kó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀. Mú ọṣẹ dání. Mo mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í tán, mo mọ̀ pé o ní kó ṣiṣẹ́ ná. Má bá mi jiyàn, ọmọ mi, bu omi wá.

Ó dára. Tú aṣọ náà. Fà á, kò dùn mí. Mo ní kò dùn mí rárá, ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà. Da omi sí i. Tún da díẹ̀ sí i.

Hẹ̀n-ẹ́n.

Ẹ ti gbọ́ òórùn ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó kéré jù lè jáde lọ ṣeré níta, ẹ má mú un ní dandan. Ẹ̀yin tó kù, ẹ dúró tì mí. Rámátù, gbé ojú sókè. Ẹkún kọ́. O fi ìfẹ́ ṣe é, bí ìyá mi ṣe fi ìfẹ́ ṣe é, n kò sì ní jẹ́ kí o máa bi èèyàn léèrè ohun tí imú rẹ gbọ́ títí o ó fi dàgbà. Pe bàbá rẹ. Sọ fún un pé kó má dúró de àlàásárì, kó gbé ọkọ̀ wá báyìí. Bó bá bèèrè bóyá mo ti gbà, ní mo ti gbà. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n mú ẹsẹ̀.

Fi kànáfùrù yẹn sílẹ̀. Fi aṣọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Má ṣe fi nǹkan kan bò ó títí a ó fi débẹ̀, jẹ́ kí ẹni tó máa wò ó gbọ́ òórùn rẹ̀ bó ṣe rí.